Ẹ Bi Ìyá Ológbà: Ọ́kíìdì Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọgbà. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń kógbá sílé, gbogbo Ìbàdàn ń retí òjò àkọ́rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ́kíìdì, òdòdó tí òyìnbó ń pè ní orchid, ló sì kún inú lẹ́tà yín lóṣù yìí. Bàbá kan ní Àkóbọ̀ ló kọ èyí tó gùn jù, òun ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ewédú àti tòmátò, kó ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀.

Ìyá Ológbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé kékeré ní Sẹkitéríàtì Agodi, ọ̀gá mi, òyìnbó kan tó ń gbé Oníréke, fi ọ́kíìdì kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lọ́jọọjọ́ Sátidé ló máa ń ní kí n wá bá òun pààrọ̀ ìkòkò wọn. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fún mi ní mẹ́rin. Mo tọ́jú wọn títí ìjọba fi gbé mi lọ sí Ṣakí, tí wọ́n tún gbé mi lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́. Ọmọ dé, owó ilé-ìwé dé, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n kú tán. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, àbígbẹ̀yìn mi ra ọ̀kan fún mi láti Èkó lọ́jọ́ ìbí mi, òdòdó rẹ̀ funfun báláú, ó wà nínú ike tí èèyàn ń rí gbòǹgbò láti ìta. Mà, ojú mi là! Ó ṣe mí bíi kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òdòdó náà ti rẹ̀ dànù, ewé méjì ti pọ́n, bẹ́ẹ̀ mò ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ìyàwó mi ní kí n gbé e sọnù, kí n gbin efìnrín. Ṣé ó ti kú ni? Èwo ni kí n sì rà kún un tí kò ní jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi tán?
— Bàbá Àkóbọ̀

Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ má gbé e sọnù o. Kò tíì kú, omi lẹ fẹ́ fi pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé agolo omi yẹn sílẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí láàárín àwa tá a ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó ń jí ní aago márùn-ún, tó ń sá lọ sí Dùgbẹ̀, tí kì í rójú wo ìkòkò òdòdó rẹ̀ títí di Sátidé, ọ́kíìdì tirẹ̀ máa ń yè. Àwa tí kò sí ẹni tó ń retí wa níbi iṣẹ́ mọ́, a ó mu ẹ̀kọ tán, a ó bomi rin ín. A ó ka ìwé ìròyìn tán, a ó tún bu díẹ̀ sí i. Àlejò á dé, a ó mú un lọ síbẹ̀, a ó tún bu díẹ̀ kí àlejò lè rí i. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún yín pé nínú ọ́kíìdì mẹ́wàá tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbé wá fún mi láti wò, ó ṣòro kí n rí méjì tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú igbó, orí igi ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, wọn kì í gbé inú ilẹ̀. Òjò á rọ̀ sí gbòǹgbò wọn, atẹ́gùn á sì fẹ́ ẹ gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan. Awọ funfun kan tó fúyẹ́ ló bo gbòǹgbò náà, kíákíá ló ń fa omi, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa rí atẹ́gùn. Tó bá wà nínú omi tọ̀sán-tòru, yóò jẹrà. Gbòǹgbò tó bá sì ti jẹrà kò lè fa omi sókè mọ́. Nígbà náà ni ewé á máa rọ, tí á máa pọ́n, tí ẹni tó ni ín á rò pé òùngbẹ ni, tí á tún bu omi sí i.

Lọ́la láàárọ̀, ẹ gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ rọra yọ ọ́ kúrò nínú ike, kí ẹ sì fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le, ó wà láàyè, kódà kí àwọ̀ rẹ̀ má dáa. Èyí tó bá rọ̀ pọ̀jọ̀, tí awọ rẹ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́, tó ku okùn tín-ín-rín kan nínú, ẹ gé e. Bíléèdì tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ fi iná jó o díẹ̀. Ẹ wo àárín ìdí rẹ̀ dáadáa: àwọn tó ń gbìn ín fún títà sábà máa ń fi koríko rírọ̀ kan tó ń di omi mú sí ìdí rẹ̀ kó má bàa gbẹ lójú ọ̀nà, koríko yìí ni kì í jẹ́ kí àárín náà gbẹ láé. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá ní sínámọ́ǹ lúbúlúbú, èèpo igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ, nílé ìdáná, ẹ fi díẹ̀ kan ojú ibi tí ẹ gé, ẹ má jẹ́ kó kan gbòǹgbò tó dáa nítorí ó máa ń gbẹ ẹ́. Ẹ wá jẹ́ kó sùn síta bẹ́ẹ̀ láìsí ìkòkò di ọjọ́ kejì.

Ẹ má fi yèpẹ̀ gbìn ín. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta èédú lọ́jà, ẹ ra díẹ̀, kí ẹ fọ́ ọ sí ìwọ̀n awẹ́ obì, kí ẹ sì fọ eérú kúrò lára rẹ̀. Ẹ gba èèpo àgbọn lọ́wọ́ àwọn tó ń bó àgbọn, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rì í sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà títí kò fi ní pọ́n mọ́. Ẹ da méjèèjì pọ̀, kí èédú pọ̀ jù, nítorí àgbọn ń di omi mú. Ike yín tó mọ́ gaara yẹn náà dáa, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kàn dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kún ti ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ike gaara ni pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ á máa sọ fún yín ìgbà tó fẹ́ omi. Mo ní ọ̀kan tí mo so mọ́ pákó lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná mi. Tó bá ti gbẹ, àwọ̀ fàdákà ni gbòǹgbò rẹ̀, àfi ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà gbogbo. Tí mo bá fọ́n omi sí i, àwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ awọ náà níbi tí omi ti kọ́kọ́ kàn án, á máa tàn lọ, kó tó tó ìṣẹ́jú kan gbogbo rẹ̀ á ti yí padà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń rí àwọ̀ ewé yẹn lára ike, kò nílò omi. Nígbà òjò, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó di fàdákà. Nígbà ọyẹ́, ó lè má ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ. Àárọ̀ ni kí ẹ fún un, kí omi tó bá dúró sí àárín ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ìyẹn náà máa ń mú kí ọrùn rẹ̀ jẹrà.

Irú tí ọmọ yín rà ni wọ́n ń pè ní Phalaenopsis. Ó lẹ́wà, kò sì kórìíra ooru wa, ṣùgbọ́n kí ó tó tún tanná, ó máa ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òru bá tutù, ní Ìbàdàn sì rèé, àfi nígbà ọyẹ́. Torí náà, ẹ má retí òdòdó kankan títí di lẹ́yìn ọdún tuntun. Ẹ fi sí ibi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń kàn án.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rà kún un ni Dendrobium, irú tí ó ní ọ̀pá gígùn tó dúró ṣánṣán, òdòdó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ àlùkò tàbí funfun. Ó fẹ́ràn ooru, ó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, ó ń tọ́jú omi sínú ọ̀pá rẹ̀, torí náà ó lè dárí ji ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀. Tí ọ̀pá àtijọ́ bá wọ́wé tán, ẹ má gé e. Ó ṣì ń bọ́ èyí tó ń hù bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lè tún yọ òdòdó lórí lọ́jọ́ tí ẹ ò retí. Tí owó bá há, ẹ ra Spathoglottis. Inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ kí omi ṣàn lọ ni ìyẹn ń gbé, àwọn olódòdó ẹ̀bá títì tiẹ̀ lè máa tà á láìmọ̀ pé ọ́kíìdì ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta Vanda fún yín. Ìta gbangba ni gbòǹgbò rẹ̀ ń so rọ̀ sí, nígbà ọyẹ́ ẹ ó máa fọ́n omi sí i lójoojúmọ́, ẹ̀yin tó sì ti mọ́ lára láti máa bomi, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ ó dúró.

Ẹ bá mi kí Ìyá ilé. Ìmọ̀ràn wọn kò burú rárá. Ẹ gbin efìnrín náà, kí ẹ sì máa da gbogbo omi tí ọwọ́ yín bá ń yún láti bù sí i.

Mà, ọkọ mi tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá so nǹkan kan mọ́ igi máńgòrò wa ní Bódìjà, ó ní ọ́kíìdì ilẹ̀ wa ni. Alájọgbé wa ní àfòmọ́ ni, pé yóò pa máńgòrò náà. Ẹ bá wa dá sí i kí ìjà má bẹ́.
— Ìyá Bódìjà

Máńgòrò yín kò ní kú. Àfòmọ́ ń ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹ̀ka igi, ó ń mu omi lára rẹ̀. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ á wú, ẹ̀ka tó kọjá ibẹ̀ á sì máa rọ. Orí èèpo igi lásán ni ọ́kíìdì ti ń di ara rẹ̀ mú. Omi òjò, ìrì àti ìdọ̀tí ewé tó bá rọ̀ sí ìdí rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ fa gbòǹgbò kan díẹ̀díẹ̀ kí alájọgbé yín máa wò ó: tó bá ṣí kúrò lára èèpo láì fa igi ya, ayálégbé tí kì í dá sí ìkòkò onílé ni.

Tó bá jẹ́ pé òdòdó rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ní àmì pupa-dúdú tótòtó, Ansellia africana nìyẹn, ọkọ yín ríran. Láti ara John Ansell, òyìnbó ológbà kan tó rí i ní erékùṣù Fernando Po (tí wọ́n ń pè ní Bioko lónìí) ní 1841, ni wọ́n ti mú orúkọ náà, àmọ́ ó ti wà lórí ọ̀pẹ tiwa tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi wọn tó gúnlẹ̀. Ẹ ó rí àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kan tó nà ṣóńṣó sókè yí ìdí rẹ̀ ká. Àwọn ọkùnrin wa fẹ́ràn ìmọ́tótó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọkọ yín kó má rẹ́ wọn, kó má sì gbá ewé gbígbẹ tó kó síbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti mú ewé, ewé yẹn ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ tún bi í ohun tó fi so ó. Tó bá jẹ́ wáyà, kó tú u, kó fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn àwọn obìnrin tó ti gbó so ó, torí ìyẹn ń fà bí ọ̀pá bá ń sanra. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dáa láti so ó, ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, kí gbòǹgbò tuntun lè ti di igi mú kí ọyẹ́ tó dé. Tó bá ti lẹ̀ tán, kí ó gé ìbọ̀sẹ̀ náà dànù. Máńgòrò dáa nítorí èèpo rẹ̀ rí hágahàga. Gúáfà kò dáa, èèpo rẹ̀ máa ń bó bọ́ sílẹ̀, ọ́kíìdì náà á sì bá a bọ́.

Ẹ káàsán mà. Mo fẹ́ fi ọ́kíìdì igbó ta bàbá mi lọ́rẹ nítorí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì rí nǹkan ṣe. Ẹnì kan ń tà á ní àpò-àpò, ó ní inú igbó lòun ti ń kó o. Pọ́ọ́kú lowó rẹ̀. Ṣé kí n rà?
— Ọmọ Sángo

O ṣeun tí o ro ti bàbá rẹ, ọmọ mi. Má rà á.

Irúgbìn ọ́kíìdì wẹ́ bí eruku, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní oúnjẹ kankan nínú. Àfi kó bá irú olú wẹ́wẹ́ kan tí ojú lásán kò lè rí pàdé kó tó lè hù nínú igbó, tó bá sì hù, ọ̀pọ̀ ọdún ni kó tó tanná. Ọdún 1922 ni Knudson, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé èèyàn lè mú un hù nínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà láìsí olú yẹn, ọ̀nà tí ó là ló jẹ́ kí èyí tí wọ́n ń tà ní ìkòkò lónìí pọ̀ tó báyìí. Èyí tí ọkùnrin yẹn ń tà kò ti inú ìgò wá. Àpò kan tí ọkùnrin yẹn gbé lé èjìká, ó lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà lórí igi ńlá mélòó kan, wọ́n sì ti fa gbòǹgbò rẹ̀ já, ìdajì kò ní rí òjò tó ń bọ̀. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti fi gbogbo ẹbí ọ́kíìdì sí abẹ́ ìṣọ́ níbi òwò láàárín orílẹ̀-èdè. Ìyẹn kan ẹnubodè, mo mọ̀ pé Ìbàdàn kọ́ lẹnubodè, ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Ohun tí o lè ṣe nìyí. Gbogbo ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti ń gé igi kọ́lé. Tí o bá rí ibi tí igi ńlá ti wó sílẹ̀, mú bàbá rẹ dání, ẹ lọ tọrọ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí wọ́n tó sun ún, kí ẹ sì wo ẹ̀ka òkè. Ohun tó bá wà níbẹ̀, iná ló kàn fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka náà mọ́ ọn, ẹ má já a kúrò lára rẹ̀. Ìyẹn á fún bàbá rẹ ní ohun tí wọ́n á máa ṣe ju èyí tí o rà wá sílé fún wọn lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, mú wọn lọ sí ọgbà ewéko Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ gbójú sókè máa wo orí igi, ẹ má já nǹkan kan. Sanford, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwádìí jáde ní 1969 lórí ibi tí àwọn ọ́kíìdì orí igi wà ní Nàìjíríà àti irú igi tí wọ́n ń gbé, torí náà ẹni tó bá ń to tiẹ̀ jọ sínú ìwé kékeré kan ń ṣe iṣẹ́ gidi, kò kàn ń najú lásán.

Ìyá wa, wọ́n ní kí n máa da omi tí mo fi fọ ìrẹsì àti èèpo ẹyin sí ọ́kíìdì mi. Kí lẹ rí sí i? Nǹkan kan sì ń gé ọ̀pá òdòdó mi jẹ lóru.
— Ẹni Ìfẹ̀yìntì, Òkè-Àdó

Omi ìrẹsì á kan nínú èédú, èèrà á sì wá jẹ àjẹyó. Èèpo ẹyin kò ní ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ ra ajílẹ̀ NPK tó ń yòrò nínú omi, ẹ lo ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà tí ewé tuntun bá ń hù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi omi òjò lásán ṣàn án kí iyọ̀ ajílẹ̀ lè bá a lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ dín in kù.

Ní ti olè òru, ìgbín ni. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde ní bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ wo abẹ́ etí ìkòkò, ibẹ̀ ló ń sá sí. Ẹ lè fi awẹ́ kùkúḿbà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ẹ ó bá wọn lórí rẹ̀ láàárọ̀. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n o, ẹ má tìtorí wọn gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní fànílà tí wọ́n ń fi sí kéèkì jẹ́ ọ́kíìdì, pé owó gọbọi ló wà nídìí rẹ̀, kí n fi gírátúìtì mi gbin éékà kan. Ṣé òótọ́ ni?
— Ìyá Tíṣà, Àpáta

Òótọ́ ni pé ọ́kíìdì ni. Ìtàkùn ni, Mẹ́síkò ni wọ́n ti mú un wá. Òótọ́ ni pé ó lówó lórí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi lówó lórí fún yín.

Tó bá ti kúrò ní ìlú rẹ̀, kò sí kòkòrò tó ń bá a gbé àtíkè òdòdó láti ibì kan sí ibòmíràn, torí náà kì í so. Ọmọ ọdún méjìlá kan tó jẹ́ ẹrú ní erékùṣù Réunion, Edmond Albius, ló rí ọ̀nà rẹ̀ ní 1841, ọdún kan náà tí Ansell rí tiẹ̀. Ó fi igi tín-ín-rín ká awẹ́ kékeré tó pààlà sí àárín òdòdó sókè, ó fi àtàǹpàkò ti akọ mọ́ abo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é di òní nìyẹn, òdòdó kan lẹ́yìn òmíràn. Àárọ̀ ni òdòdó náà ń là, kó tó di ọ̀sán ó ti rọ. Èso rẹ̀ ń lò tó oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lórí ìtàkùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún fi ọ̀pọ̀ oṣù sá a, bò ó, sá a, kó tó rùn bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Éékà kan? Mà, ta ni yóò bá yín ká gbogbo òdòdó yẹn kí oòrùn tó mú?

Ẹ jẹ́ kí gírátúìtì yín wà ní báńkì. Ẹ wá ẹsẹ̀ kan péré, ẹ gbìn ín sí ìdí igi tó ní ibòji, ẹ kó ewé jíjẹrà sí i lẹ́sẹ̀, ẹ sì máa fọ́n omi sí i nígbà ọyẹ́, torí ọyẹ́ Ìbàdàn ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Ó lè tó ọdún mẹ́ta kó tó tanná. Tó bá tanná, ẹ kọ̀wé sí mi, màá mú igi ìtayín wá sí Àpáta kí n fi hàn yín. Ẹ kàn tètè kọ̀wé, nítorí ẹ mọ bí gọ̀sílóò Ìbàdàn ṣe ń rí láàárọ̀.